Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ kí ó sì jẹun ìrọ̀lẹ́ ní ìta gbangba l'Ábẹ́òkúta

Àwọn ibi tí ènìyàn ti lè náwó gidi l'Ábẹ́òkúta kò kóra jọ sábẹ́ òrùlé kan. Aṣọ tó níyì jù lọ nínú ìlú náà wà ní Ìtòkú, nínú àwọn ìsọ̀ tó kọjú sí títì nítòsí Òkè Olúmọ, nígbà tí àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá, tó ní àgbàlá àti àga ìta, wà lápá ibòmíràn, ní Ìbarà, Òkè-Ìléwó àti Òkè-Mọsàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò ṣáájú. Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín Ìtòkú nítorí pé kò ní gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n ìta gbangba yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó wá ra aṣọ aláró, torí pé iná ìsọ̀ máa ń bo àléébù aṣọ, oòrùn kì í bò ó. Nítorí náà, oòrùn ni mo fi ṣètò ọjọ́ náà: òkè láàárọ̀, aṣọ lọ́sàn-án, oúnjẹ nírọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ọjọ́, kí ẹ sì yan ọ̀nà

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ó dára jù, nítorí pé òjò kò pọ̀ ní àkókò yẹn, àwọn aláró sì ń rí oòrùn sá aṣọ wọn dáadáa. Kì í ṣe pé ọjà ń ti nígbà òjò o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án lè bá òjò pàdé lọ́sàn-án gangan, ní wákàtí tó yẹ kí ó máa tú aṣọ wò. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń lọ kírun lẹ́yìn aago méjìlá, lọ́jọ́ Àìkú sì rèé, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kì í tètè ṣí, bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣí rárá. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ẹnì kan nílùú láti béèrè bóyá orò máa jáde lọ́jọ́ náà, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín, torí pé Ẹ̀gbá kì í fi ọ̀rọ̀ orò ṣeré.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ibùdókọ̀ rẹ̀ tó wà ní Ládẹ̀rin ń jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta ní ọdún 1934. Ẹ mọ̀ dájú pé Ládẹ̀rin kò sí láàárín ìgboro. Ẹ ó tún wọ takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá kí ẹ tó dé Ìtòkú. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ yóò padà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tí mo ń sọ yìí kò bá ẹni tó ń sáré lépa ọkọ̀ ojú irin mu. Ẹni tó bá ní agbára rẹ̀, kí ó sùn nílùú náà mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ yín kí ẹ tó kúrò nílé

Mélòó ni ọ̀pá aṣọ tí ẹ nílò? Ìbéèrè yìí kò ṣe é fi sílẹ̀ fún olùtajà. Ọ̀pọ̀ àdìrẹ ni wọ́n ti gé, tí wọ́n sì ti pa láró ní ìwọ̀n kan, ọ̀pá mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í sì í fẹ́ gé e sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá sanra, tàbí bí ẹ bá fẹ́ rán agbádá, ẹyọ kan kò ní tó, ẹyọ kejì tó bá a mu sì lè má sí lórí àtẹ.

Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun kan dání, kí ẹ mú omi inú ike, báàgì tó ṣe é gbé kọ́ èjìká níwájú, àti owó kéékèèké fún kẹ̀kẹ́. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ tí kò yọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́kọ́ gun Olúmọ

Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí òkúta tó gbóná. Ẹ ó san owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, afinimọ̀nà yóò sì tẹ̀ lé yín. Òkè náà ga ní mítà 137 sí ojú òkun. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé ní ọdún 1830 fi ṣe ibi ìsádi, ẹ ó sì rí àwọn ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lójú òkúta nígbà ogun. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà níbẹ̀ láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín pé ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi gùn ún, kí inú má baà bí yín bí ẹ̀rọ náà bá sinmi lọ́jọ́ náà. Láti orí òkè, ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti pọ́n káàkiri ìlú, ẹ ó rí odò Ògùn, ẹ ó sì lè bi afinimọ̀nà pé kí ó na ọwọ́ sí ọ̀nà Ìtòkú fún yín, kí ẹ ti mọ apá ibi tí ẹ ń lọ. Wákàtí kan àbọ̀ tó fún gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ irú aṣọ tí ẹ ń wò

Ẹ má ra ohunkóhun ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ojú yín mọ ohun tó wà nílẹ̀, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní àdìrẹ ní Ìtòkú, iye wọn kò sì bára mu rárá.

Àkọ́kọ́ ni àdìrẹ ẹ̀lú, èyí tí àwọn ìyá wa àgbà ń ṣe. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ díẹ̀ títí aró yóò fi pọ́n dáadáa. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò, ó máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀; ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó ń di aró gidi, bí wọ́n bá sì ṣe ń tì í bọ̀ ọ́ léraléra ni yóò ṣe máa dúdú sí i. Ohun tí wọ́n fi dènà aró ni orúkọ rẹ̀ fi ń yàtọ̀. Ìko ni wọ́n fi ń di ti oníko, irú bí Oṣùbáḿbá tó ní òbìrìkìtì ńlá bí òṣùpá. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń rán ti alábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pa á láró. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ, tàbí kí wọ́n gba ojú páànù tí wọ́n gé ní àwòrán fi tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ orúkọ bí Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, àti Olókun. Àdìrẹ ẹ̀lú kò pọ̀ ní ọjà mọ́, ó sì wọ́n, ó tọ́ kí ó wọ́n.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kàm̀pálà, òun ló sì kún Ìtòkú jù. Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sí i, nígbà mìíràn wọ́n á dì í, wọ́n á wá fi aró ìgbàlódé tí wọ́n pò mọ́ kọ́sítíìkì pa á ní oríṣiríṣi àwọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó lẹ́wà, ó sì bá òde àríyá mu ju ẹ̀lú lọ. Ohun tí kò dára ni kí ẹ san owó ẹ̀lú lórí rẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ, tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, pàápàá láti Ṣáínà. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró wa. Bí ẹ bá mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ẹ rà á, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti rin ìrìn àjò dé Abẹ́òkúta nítorí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé aṣọ jáde sí oòrùn

Láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ ṣe èyí. Ẹ ní kí olùtajà tú aṣọ náà tán pátá, kí ẹ sì mú un jáde kúrò lábẹ́ ìbòjì ìsọ̀. Olùtajà tó mọyì ọjà rẹ̀ kò ní bínú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò di etí kejì mú fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwòrán ṣe ń padà wá. Lára aṣọ ẹ̀rọ, àwòrán kan náà ń padà ní ìwọ̀n kan náà láìyẹ̀, débi pé bí àléébù kékeré kan bá wà lára òdòdó kan, àléébù náà yóò wà lára gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lára oníko, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ṣẹ́ aṣọ sí, tí apá kan dà bí òjìji apá kejì. Lára alábẹ́rẹ́, bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ sí oòrùn, ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ yóò hàn. Lára ti alábẹ́là, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ tó sán, níbi tí àbẹ́là ti fọ́ tí aró sì wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀yìn aṣọ kò bá mọ́ bí iwájú, ayédèrú ni. Òtítọ́ ni èyí fún oníko àti fún kàm̀pálà, tí aró ti ń wọ aṣọ já, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́kọ. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣú ju iwájú lọ, kí àwòrán má sì hàn gedegbe níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da ẹlẹ́kọ àtàtà padà sórí àtẹ nítorí àyẹ̀wò ààbọ̀ yìí, tó sì lọ ra èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ojú méjèèjì.

Ẹ rẹ áńkáṣíìfù funfun yẹn sínú omi díẹ̀, kí ẹ fi ra igun aṣọ. Ẹ̀lú tuntun lè yọ díẹ̀, ìyẹn kò ní kí ẹ sá. Bí aró kàm̀pálà bá sọ áńkáṣíìfù di dúdú kirikiri, a jẹ́ pé wọn kò fi omi ṣan án tó. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú: òórùn kẹ́míkà tó ń ta imú túmọ̀ sí pé kọ́sítíìkì ṣì wà lára rẹ̀, yóò sì máa yún yín lára bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn olùrà máa ń gbàgbé jù. Wọ́n máa ń fi sítáàṣì sí aṣọ, wọn a sì gbé e lé orí igi, wọn a máa fi òòlù onígi lù ú títí yóò fi máa dán. Ẹ ó máa gbọ́ ìró lílù náà bí ẹ bá ń rìn kọjá. Dídán yẹn wuyì, ṣùgbọ́n sítáàṣì lè mú kí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dà bí èyí tó nípọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra igun kan títí sítáàṣì ibẹ̀ yóò fi rọ̀, kí ẹ wá gbé e sí oòrùn. Bí ẹ bá lè ka ìka ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ náà kò ní bá yín jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ná ọjà bí ọmọlúàbí

Ìkíni ló ń ṣáájú owó. Ẹni tó yọ sí ìsọ̀, tó sì kọ́kọ́ béèrè pé "Èló ni?" ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò mọ ibẹ̀ rí. "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọ igbá o." Ìyá náà yóò ní, "Àṣẹ o, oníbàárà mi, ẹ wọlé ẹ wò ó." Ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé aṣọ rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ àwòrán, ẹ béèrè ẹni tó pa á láró. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé rẹ̀ yóò dáhùn láìronú. Ẹni tó ń ta aṣọ ẹ̀rọ yóò yára yí ọ̀rọ̀ padà sí iye owó.

Bí ó bá dá owó lé e, ẹ lè wí pé, "Mà, ẹ bá mi yọ nínú ẹ̀ dáadáa, kí n lè padà wá." Yóò bi yín léèrè iye tí ẹ fẹ́ san. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, nítorí pé bí ẹ bá ti dá iye kan, tí ó sì gbà, ẹ ti rà á nìyẹn. Àbùkù ńlá ni kí ẹ tún máa wí pé ẹ fẹ́ lọ wo ibòmíràn. Ẹ má dá owó sí ohun tí kò wù yín. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó dé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má ná an fún wákàtí kan kí ẹ sì lọ lọ́wọ́ òfo. Nípa owó ẹ̀lú, èrò tèmi ni pé kí ẹ ná an níwọ̀nba. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ẹ ń gbé lọ.

Bí ó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ni ẹ wá rà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìkòkò aró kan kì í jọ èkejì délẹ̀délẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n pa lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi ọ̀pá díẹ̀ kún un fún àwọn mọ̀lẹ́bí tí yóò rántí nígbà tí òde bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ san àsansílẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ máa gbà á sínú ìwé, kí ẹ sì gé àwòṣe kékeré kan mú lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá sì dá fún wọn, kí ó jìnnà sí ọjọ́ àríyá.

Ní ti sísanwó, ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó látorí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má kúrò nídìí àtẹ títí ìsọfúnni ìsanwó yóò fi dé sórí fóònù olùtajà. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni tàbí ọjà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ pín oúnjẹ sí méjì

Ẹ má fi ebi dúró de ìrọ̀lẹ́. Láfún àti ewédú ni oúnjẹ Ẹ̀gbá, ilé oúnjẹ kéékèèké tó wà nítòsí ọjà ni ó sì ti dùn jù. Hòtẹ́ẹ̀lì lè gbé láfún sínú àwo aláràbarà, ṣùgbọ́n kò lè rò ó bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀nba lọ́sàn-án, kí ẹ sinmi.

Nígbà tí ó bá di aago márùn-ún, ẹ gba takisí lọ sí Òkè-Mọsàn. Ọgbà Ilé Ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2017 nígbà tí Ọbásanjọ́ pé ọmọ 80 ọdún. Kì í ṣe ìwé nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, ọgbà ẹranko wà, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ẹ ó rìn dáadáa láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín gbé yín dé ẹnu ilé oúnjẹ gan-an bí wọ́n bá gbà á láyè. Ẹni tí Òkè-Mọsàn bá jìnnà sí, kí ó dúró ní Ìbarà tàbí Òkè-Ìléwó, níbi tí ilé oúnjẹ àti ibi ìgbafẹ́ pọ̀ sí, tí àwọn ẹlẹ́ran súyà sì ń dáná lálẹ́.

Bí ẹ bá dé, ẹ béèrè fún àga ìta tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ìbéèrè kékeré yìí ló máa pinnu bóyá ẹ ó gbọ́ ara yín sọ̀rọ̀. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn. Ìrẹsì ọ̀fadà ni kí ẹ bèèrè fún, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata dídín, torí pé ìpínlẹ̀ Ògùn yìí náà ni ìlú Ọ̀fadà wà. Ọ̀fadà gidi kúrú, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì ní òórùn tirẹ̀ tí kò ṣe é fi pamọ́. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì gígùn funfun kan wá lórí ewé, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Ẹ bi olùgbóúnjẹ bóyá ó ti wà nílẹ̀ tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sè é, nítorí pé irú àwọn ibi báyìí kì í kánjú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ bóyá iye tí wọ́n kọ ti ní owó orí VAT nínú, èyí tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé àwọn kan ń fi kún un lẹ́yìn, wọ́n sì tún ń fi owó ìtọ́jú lé e.

Ẹ ti bá awakọ̀ kan ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ nípa wákàtí tí yóò wá gbé yín, kí ẹ sì ti dá owó rẹ̀. Ẹni tó ń padà sí Èkó gba ọ̀nà Sáńgò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ẹ bá délé

Ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ nínú omi tútù kí ẹ tó gbé e fún aránṣọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùtajà sábà máa ń ní kí a fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi náà. Ọṣẹ tó lágbára àti ohun tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Ẹ fi omi ṣan án títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, kí ẹ sì sá a sí ibi ìbòjì tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Òwú lè súnkì nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá gbẹ, kí ẹ sì sọ iye ọ̀pá tó kù gan-an fún aránṣọ kí ó tó fi síṣọ́ọ̀sì kàn án.